Ìpè Kẹta ní Pápá Ìdí-Ìrá

Ní Àgọ́-Àrẹ, kò sí ọdẹ tó máa dáná sun pápá tí kò ní kọ́kọ́ ké. Òfin ni, òfin náà sì ti wà kí wọ́n tó bí ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń pa á mọ́. Bí ọyẹ́ bá ti gbẹ koríko tán, tí àwọn ọdẹ ti yí pápá ká tìbọntìbọn, tajátajá, ẹni tí ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ̀ á dojú kọ àárín koríko, á ké pé, "Ẹni tó wà nínú ẹ̀, jáde o!" Á dúró díẹ̀, á tún ké. Á dúró sí i, á ké ẹ̀ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó ṣáná.

Ẹ má ṣe rò pé ariwo lásán ni ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ pé tí wọ́n bá pè é nínú igbó, kò gbọdọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kíní, kò gbọdọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. Iwin náà máa ń peni, ṣùgbọ́n iwin kì í pè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ènìyàn ló ń pè lẹ́ẹ̀kẹta. Nítorí náà, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa á gbọ́ ìpè méjì, á jókòó jẹ́ẹ́. Ìpè kẹta ló ń gbé e dìde.

Ràmọ́nì mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta ni, àgbẹ̀ oníṣu, baba Àdìjátù, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ lórí ààlà oko. Òun ni Àdìgún, olórí ọdẹ, máa ń gbé ìṣáná lé lọ́wọ́ lọ́dọọdún, torí pé kì í kánjú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kánjú láyé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ló tó o.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983 ni, ọdún tí ọyẹ́ fà gùn títí ètè tọmọdé tàgbà fi là. Pápá Ìdí-Ìrá ni wọ́n yí ká lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ràmọ́nì ké lẹ́ẹ̀kíní. Ó dúró. Ó ké lẹ́ẹ̀kejì. Bó ṣe ń dúró kó tó ké ẹ̀kẹta, koríko mì láàárín, ó mì bí ìgbà tí nǹkan tó tóbi bá ń dìde jókòó. Ìgalà! Ohun tó wá sí i lọ́kàn nìyẹn. Ìgalà ti gbọ́ ohùn òun, ó fẹ́ sá lọ. Bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dojú kọ ibi tó yẹ kó kọjú sí ni, ẹran gidi ò sì tíì kan ẹnu àwọn ará ilé rẹ̀ láti ìgbà Iléyá. Tó bá tún ké, ẹran á lọ. Ó ṣáná.

Kò sẹ́ni tó tì í. Kò sẹ́ni tó pariwo pé kó ṣe kíá. Òun nìkan ló dúró síbẹ̀, òun ló ro ó, òun ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáadáa.

Nígbà tí iná kú, ajá Àdìgún ló rí i. Kì í ṣe ìgalà. Adégbénró ni, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Àwáwù, opó Ládòkun. Ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ló fẹ́ bò. Igi òrùlé ti wà lókè, koríko ló kù, ó wá lọ pa bẹẹrẹ. Dòjé rẹ̀ wà lábẹ́ igi tó sùn sí, eérú ìtí bẹẹrẹ mẹ́rin sì tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sáré díẹ̀. Ibi tí wọ́n ti bá a ò jìnnà sí ojú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà pe àwọn ọdẹ jọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wọ́n: "Ṣé ẹ ké ẹ̀ẹ̀mẹta?" Ràmọ́nì la ẹnu. Kó tó sọ̀rọ̀, Àdìgún, tó wà ní òdì kejì pápá lọ́jọ́ náà, ti dáhùn.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Èmi fetí ara mi gbọ́ méjì, afẹ́fẹ́ ló gbé ẹ̀kẹta lọ. Ṣé Ràmọ́nì lẹ máa wá kọ́ ní iná dídá ni?"

Gbogbo wọn mi orí. Àdìgún ò purọ́. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ. Ràmọ́nì náà ò purọ́. Ó kàn pa ẹnu rẹ̀ dé ni. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ fún wa pé ẹni tó dákẹ́ náà máa ń rí oorun sùn.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Áfà Bàṣírù, lémọ́mù àdúgbò wọn, wàásù níbi àdúà òkú. Ó ní kí Ọlọ́run tó dá ilẹ̀, Ó ti kọ ọjọ́ tí Adégbénró máa lọ sílẹ̀, Ó sì ti kọ ọ̀nà tó máa gbà lọ. Ó ní bí gbogbo ọdẹ Òkè-Ògùn bá fi ẹnu kan ké lọ́jọ́ náà, kò ní gbọ́. "Kádàrá ni, ẹ̀yin ènìyàn. Ẹ ṣe sùúrù." Gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pa ojú, Àwáwù dìde láàárín àwọn obìnrin, ó rìn lọ bá Ràmọ́nì níbi tó káwọ́ mórí sí, ó sì fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ràmọ́nì, gbé orí sókè. Ìwọ kọ́. Àkọsílẹ̀ ni. Ọlọ́run ló di ọmọ mi létí."

Àwọn tó wà níbẹ̀ sunkún. Wọ́n ní irú sùúrù yìí ṣọ̀wọ́n láyé. Ìbá sàn fún Ràmọ́nì kí obìnrin náà gbá a létí níṣojú gbogbo wọn.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀sán gangan ni, ó ń kọ ebè. Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn rẹ̀: "Mò ń bọ̀ o!" Ohùn ọkùnrin ni, ohùn ẹni tó ń sáré tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ràmọ́nì yíjú. Ilẹ̀ dúdú tí iná ti jó ló tẹ́ lọ níwájú rẹ̀, kò sí ibi tí eku lásán lè sá pamọ́ sí, ká má tíì sọ ènìyàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọkọ́. "Mò ń bọ̀ o, ẹ dúró!"

Láti ọjọ́ yẹn, kò mọ ibi tó máa bá òun. Ó gbọ́ ọ lọ́jà ọlọ́jà. Ó gbọ́ ọ nínú ìrun, nígbà tí gbogbo ènìyàn tẹ̀ tí mọ́ṣáláṣí dákẹ́ rọ́rọ́. Ohùn náà ò bú u rí, kò halẹ̀ mọ́ ọn rí. Ohùn ẹni tó dá a lójú pé wọ́n ń dúró de òun ni. Ìdáhùn sí ìpè tí Ràmọ́nì ò pè ni, òun gan-an ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ará ilé rẹ̀ rí i pé nǹkan yí padà. Ọkùnrin náà ò lè pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kan mọ́. "Àdìjátù!" Ọmọ á dáhùn. "Àdìjátù!" Ọmọ ti dé iwájú rẹ̀. "Àdìjátù!" Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Baba Àdìjátù, ṣé adití la bí ni?" Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún kì í kọjá eyín.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí koríko tuntun ti bo ojú iná, ó lọ bá Áfà Bàṣírù lẹ́yìn ìrun Aláásàrí, lábẹ́ igi dóńgóyárò níwájú mọ́ṣáláṣí.

"Áfà, ẹ ní Ọlọ́run ti mọ ohun gbogbo kó tó ṣẹlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tó bá mọ̀ pé ènìyàn kan máa ṣe nǹkan lọ́la, ṣé ẹni yẹn lè ṣàì ṣe é?"

Áfà gbádùn irú ìbéèrè báyìí. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. "Wò ó, mo mọ̀ pé tí mo bá pẹ́ délé nírọ̀lẹ́ yìí, Ìyá Ìyápọ̀ á bá mi jà. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ Fátíà. Ṣé mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n ló la ẹnu ẹ̀? Òun ló wù kó jà, òun ló sì jà. Pé Ọlọ́run mọ nǹkan ò túmọ̀ sí pé Ó dì ọ́ lọ́wọ́ mú."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ dá ẹnu Ìyá Ìyápọ̀, Áfà. Ọlọ́run ló dá tèmi. Ó dá a, Ó sì ti mọ ibi tó máa sọ̀rọ̀ àti ibi tó máa dákẹ́ sí, Ó sì dá a bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú Áfà. Ó fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ títí.

"Ibi tó o dé yẹn, àwọn tó kéwú jù mí lọ ti débẹ̀, wọ́n jókòó síbẹ̀. Ohun tí èmi mọ̀ ò ju báyìí lọ. Ẹní ni kádàrá. Ẹni tí wọ́n ṣe níbi ni wọ́n tẹ́ ẹ fún, kó lè rí ibi sùn. Wọn ò tẹ́ ẹ fún ẹni tó ṣe ibi. Kí lo ṣe, Baba Àdìjátù?"

Ràmọ́nì sọ fún un. Ó sọ nípa ìpè méjì, ó sọ nípa koríko tó mì. Áfà wo ewúrẹ́ kan tó wá jẹ ewé dóńgóyárò lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tó fi lọ.

"Obìnrin yẹn ti sùn sórí ẹní ẹ̀," ó wí níkẹyìn. "Má lọ fà á yọ lábẹ́ ẹ̀. Tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kó o dákẹ́."

Ràmọ́nì dúpẹ́, ó lọ sílé. Lójú ọ̀nà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó pé lọ́jọ́ kẹjọ, Áfà ní Ọlọ́run ni. Lábẹ́ igi, Áfà ní òun Ràmọ́nì ni. Ẹnu kan náà ló sì fi sọ méjèèjì. Kò bínú sí i. Ó kàn jẹ́ pé kò rí ibi fẹsẹ̀ lé.

Nígbà tó yá, ó kó sínú ìrònú kan tó jẹ́ pé tí mo bá bá ọ̀tá mi nínú rẹ̀, màá fà á jáde. Ó ní Ọlọ́run ti mọ̀ bóyá òun máa sọ fún Àwáwù àbí òun ò ní sọ. Ohun tí Ọlọ́run mọ̀ ò sì lè yẹ̀. Kí ni òun wá ń da ara òun láàmú sí? Ó bá jókòó, ó ń ṣọ́ ara rẹ̀, ó ń dúró kó rí ohun tí òun máa ṣe. Iṣu ta, wọ́n wà á. Àgbàdo gbó, wọ́n ya á. Ràmọ́nì ṣì ń dúró de Ràmọ́nì. Ẹni tó bá ń retí kí ẹsẹ̀ òun dá rìn, ojú kan náà ni ọyẹ́ máa tún bá a, ọyẹ́ sì bá a níbẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá, Àdìgún ránṣẹ́ sí i pé àwọn ti dá ọjọ́ pápá, kó wá gba ìṣáná rẹ̀. Ó ránṣẹ́ padà pé ọwọ́ ń dun òun. Dípò ìyẹn, ó mú dòjé, ó lọ sí ibi tí iná ò tíì dé, ó pa bẹẹrẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó rù ú lọ sílé Àwáwù ní ìtí ìtí. Igi òrùlé ilé ìdáná ọ̀hún ṣì dúró lókè lásán bí Adégbénró ṣe fi í sílẹ̀. Gbogbo ìgbà òjò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni obìnrin náà ti ń dáná.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bò ó fún yín."

Àwáwù wo koríko náà pẹ́. "Gòkè," ó ní.

Ó gòkè. Ìyá ń gbé e fún un láti ìsàlẹ̀, òun ń dì í mọ́ igi. Oòrùn àárọ̀ ò tíì mú, ọyẹ́ ń fẹ́ wúyẹ́wúyẹ́, iṣẹ́ ń lọ, Ràmọ́nì sì ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bóyá èyí tó. Bóyá òrùlé lè dúró fún ọ̀rọ̀.

"Ràmọ́nì."

"Ìyá."

"Ìpè kẹta yẹn. Báwo lo ṣe pè é?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn.

"Mi ò bá ọ jà o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi pé kó máa dúró de ẹ̀kẹta. Láti kékeré ẹ̀, tí mo bá pè é nínú ilé pàápàá, kì í jẹ́ mi títí màá fi pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Á ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá iwin ni mí." Ó rẹ́rìn-ín kékeré. "Kò tàsé ìpè kẹta rí. Kò tàsé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí láyé ẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé, irú dídì wo ni Ọlọ́run di í létí? Kí lọ́mọ mi fi ṣe Ọlọ́run? Sọ fún mi, ṣé o pè é sókè dáadáa? Ṣé ohùn ẹ jáde?"

"Mò ń bọ̀ o!" Ẹ̀yìn ilé gan-an ni ohùn náà ti wá lọ́tẹ̀ yìí. Ràmọ́nì wo ìsàlẹ̀. Obìnrin náà ò gbọ́ nǹkan kan, ó gbé ojú sókè, ó ń dúró de èsì.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá, ohùn mi jáde. Gbogbo ohun tó kù kó sọ nìyẹn. Ó sọ ọ́ tán, òrùlé á parí, kò sẹ́ni tó máa tún bi í mọ́ láyé. Ó wá inú ara rẹ̀ kiri bóyá ó máa rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, èyí tó máa sọ nínú méjèèjì. Kò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni wà níbẹ̀, rárá wà níbẹ̀, ó sì lè sọ èyí tó bá wù ú. Kò sí ohun tó bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró níwájú rẹ̀.

"Mi ò pè é, ìyá."

"O ò pe kí ni?"

"Ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ké. Mo fẹ́ ké ẹ̀kẹta, koríko bá mì. Mo rò pé ìgalà ni. Mi ò fẹ́ kó sá lọ. Mo ṣáná."

Àwáwù jókòó lé ìtí bẹẹrẹ kan, jẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn.

"Koríko tó mì yẹn, òun ni."

"Mo rò pé òun ni, ìyá."

"Ó ti jí. Ó dìde jókòó. Ó ń dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Etí ẹ̀ ò di."

"Kò di, ìyá. Kò sẹ́ni tó di í létí."

Ìgbà yẹn ni obìnrin náà bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ọjọ́ kẹjọ, tí gbogbo ìlú bá a sun. Èyí wá láti ibi tó jìn, ó ń mi gbogbo ara rẹ̀, Ràmọ́nì ò sì lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó fi ìborùn nu ojú.

"Oṣù mọ́kànlá ni mi ò fi kírun, Ràmọ́nì. Ẹ ń rí mi lẹ́yìn yín ní mọ́ṣáláṣí. Mò ń tẹ̀, mò ń dìde, ẹnu mi ò sọ nǹkan kan. Mò ń wí fún Un nínú mi pé, Ìwọ tó o di ọmọ mi létí kí iná lè bá a, kí ni kí n tọrọ lọ́wọ́ Ẹ? Èmi tí gbogbo yín ń kí kú sùúrù. Mo kórìíra Ọlọ́run. Oṣù mọ́kànlá gbáko."

Ràmọ́nì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. "Ẹ foríjì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ foríjì mí."

"Rárá." Kò jágbe mọ́ ọn. "Má bẹ̀ mí. Tí mo bá foríjì ọ́ lónìí, ta ni kí n máa bá jà? Òun ni màá tún padà lọ bá. Ó sì ti rẹ̀ mí láti máa bá Ọlọ́run jà. Ó tóbi jù mí lọ."

"Ìyá..."

"Mo mọ̀ pé Ó mọ̀. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀, màá bi Í. Ṣùgbọ́n mímọ̀ kọ́ ló ṣáná, Ràmọ́nì. Ìwọ lo ṣáná. Jẹ́ kó jẹ́ ìwọ."

Ó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ni, kádàrá ni, iṣẹ́ èṣù ni, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ahọ́n ọmọ ènìyàn fún irú ọjọ́ báyìí. Kò mú ọ̀kankan níbẹ̀.

"Èmi ni mo ṣe é," ó ní.

Àwáwù dìde. Ó bu omi sí búta, ó ṣe àlùwàlá níbẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó fọ ojú, ó fara balẹ̀ fọ etí rẹ̀ méjèèjì. Ó ní kí Ràmọ́nì má gòkè mọ́, kó fi koríko sílẹ̀ níbi tó wà. Ó wọlé. Láti ìta, Ràmọ́nì gbọ́ tó ń ka Fátíà sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tó ń dúró gba ẹkún níbi tí ẹkún bá ti gbà á, tó tún ń bá a lọ.

Ó ti rò pé tí òun bá sọ ọ́, ohùn ẹ̀yìn ilé yẹn á lọ. Kò lọ. Ó jókòó sílẹ̀ nínú oòrùn, ó ń gbọ́ ohùn ìyá nínú ilé, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ lẹ́yìn ilé, ó sì sunkún fún àwọn méjèèjì.

Nígbà tó pẹ́, ohùn kan wá láti inú ilé. "Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà, ìyá."

"Máa lọ sílé. Lọ́la, tí mo bá kírun Àsùbáà tán, kó o padà wá. Mi ò tíì bá ọ jà tán."

"Mo gbọ́, ìyá," Ràmọ́nì ní. "Màá wá."